Ilẹ̀kùn Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti Ẹyọ Kan

Ṣọ́ọ̀bù,
ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Agídí mi, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Otútù ibẹ̀ ńkọ́, ṣé o ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì bí mo ṣe wí? Láti ìgbà tí o ti kọ̀wé kẹ́yìn, oṣù méjì àti ọjọ́ mọ́kànlá ni. O mọ̀ pé èmi kì í sọ pé "ó ti pẹ́". Iye ọjọ́ ni mo máa ń sọ.

Má sọ pé kí n máa pè ọ́ lórí fóònù. Mo pè títí, wọ́n ní o ò sí. Ọ̀rọ̀ fóònù náà, tó bá ti bá afẹ́fẹ́ lọ, ta ló tún lè padà lọ kà á? Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá kọ, ó ń dúró.

Iṣẹ́ ńlá kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ń rán aṣọ iṣẹ́ fún ilé ìwòsàn àti ilé ìtura, Ọ̀gá Aláṣọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, ó ti kó sí ilé alájà mẹ́ta. Ọgọ́sàn-án obìnrin ló ń ránṣọ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lọ́ọ̀kì tó rà lọ́dún tó kọjá, dídán rẹ̀ ló wò tó fi rà á. Kò pé oṣù mẹ́rin, ìdìmú ti ń mì bí eyín arúgbó, sípíríńgì ti kú, òmíràn ahọ́n rẹ̀ ò jáde mọ́, wọ́n fi okùn so ó. Ó wá bá mi: "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, mi ò fẹ́ èyí tó rẹwà. Èyí tí ò ní kú ni mo fẹ́."

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àwọn ilẹ̀kùn náà. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń ṣàìsàn ni?" Mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, mo gbé agolo méjì síwájú, ìṣó kún ọ̀kan, ìkejì ṣófo. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, mà á sọ ìṣó kan sínú èyí tó ṣófo. Kó tó di ọ̀sán, ìṣó ti di ojìlélẹ́gbẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣíwọ́, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún. Ilẹ̀kùn yàrá ilé, ìgbà mélòó ni wọ́n ń ṣí i lójúmọ́? Ogún, ọgbọ̀n. Ẹni tó bá fi lọ́ọ̀kì yàrá sí ẹnu ọ̀nà ọgọ́sàn-án èèyàn, ọmọ ọwọ́ ló gbé àpò símẹ́ńtì lé lórí.

Ìdí tí mo fi ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ nìyí. O sọ fún mi rí pé ilé ìfọṣọ tí o ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ẹ̀yin àádọ́rùn-ún obìnrin ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn, lọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò bàjẹ́ rí. Bá mi wò ó. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà nínú lẹ́tà yìí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Gbé e lé ojú lọ́ọ̀kì náà. Tó bá dì í mú, irin gidi ni. Tó bá jábọ́, a jẹ́ pé nǹkan míì ni wọ́n yọ́, tí wọ́n kun ní àwọ̀ irin. Wo ahọ́n rẹ̀, ṣé ó nípọn tó àtàǹpàkò? Ẹ̀ẹ̀melòó ni kọ́kọ́rọ́ ń yí nínú rẹ̀? Yà á fún mi, kí o má ya òdòdó mọ́ ọn.

Mi ò ní sọ pé mo ní kí o má lọ. Mo sọ ọ́ nígbà náà, ó tó. Oṣù mẹ́ta ni mo fún ọ pé wàá fi padà wálé, o ti lo ọdún kan àti oṣù márùn-ún. O borí mi. Kọ̀wé.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ara mi le, mo tilẹ̀ sanra díẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń wọ̀. Ti fóònù, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ wa láàárọ̀, wọ́n ń kó o sínú àpótí, ìrọ̀lẹ́ la tó ń gbà á padà. Nígbà yẹn, ó ti rẹ̀ mí dé egungun.

Mo wo lọ́ọ̀kì yín. Mágínẹ́ẹ̀tì náà dì í mú gbáà, agbára ni mo fi já a. Ahọ́n rẹ̀ nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ, irin ẹyọ kan ni, kò ní oríkèé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ ń yí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mò ń gbọ́ ọ láràárọ̀: ko, ko. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbí ní òun bá lọ́ọ̀kì náà níbẹ̀ lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, mo kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán.

Àkókò ìsinmi ni mo yà á, lórí páálí ọṣẹ. Mo ya gbogbo ilẹ̀kùn náà kí ẹ lè rí ibi tí lọ́ọ̀kì wà, mo ya hínjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ya tábìlì tí aṣọ wà lórí rẹ̀ àti ìkọ́ tí a ń fi ẹ̀wù kọ́. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má ya òdòdó, ẹ ò ní kí n má ya tábìlì.

Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ìdí ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ni mo wà báyìí. Ooru ibẹ̀ ò kéré. Ọ̀kan nínú wọn rú èéfín lọ́sẹ̀ tó kọjá, òwú tó kó sínú rẹ̀ ni, a fi aṣọ tútù pa á. Kò sí nǹkan kan. Alákòóso wa, Woroworo la ń pè é nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìbàdí, nígbà tó ti ibi tó ti lọ jẹun dé, ó ní kí la ń pariwo sí bí adìyẹ. A rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìn yín ńkọ́? Ẹ má dá gbé àpótí lọ́ọ̀kì o.

Ọmọ yín.


Ṣọ́ọ̀bù,
ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Agídí mi,

Orí ẹ pé! Nọ́ńbà tí o kọ yẹn, mo gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń kó lọ́ọ̀kì wọ̀lú, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ta ló fi èyí hàn yín?" Mo ní ọmọ mi ni. Mo dúró dáadáa nígbà tí mo ń sọ ọ́.

Iye rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ń dán. Ọ̀gá Aláṣọ pariwo: "Ṣé wúrà ni wọ́n fi ṣe é ni?" Mo fà á jókòó, mo fi bírò ṣírò fún un lára páálí. Èyí tó ń dán, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún lẹ máa rà á. Owó káfíńtà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Wákàtí tí àwọn aránṣọ fi máa dúró níta nígbà tí ilẹ̀kùn bá kọ̀, ẹ kà á mọ́ ọn. Èyí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mọ́kànlá. Ó wo páálí náà títí, ó ní kí n jẹ́ kí òun mú páálí lọ sílé.

Oríṣi méjì ni lọ́ọ̀kì yìí. Ara kan náà ni wọ́n ní, inú ló yàtọ̀. Ọ̀kan ní ihò kọ́kọ́rọ́ níta, ó sì ní etí kékeré nínú, tí ẹni tó wà nínú lè fi ìka méjì yí, kó jáde. Ìkejì, ihò kọ́kọ́rọ́ ló wà níta, ihò kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú. Èyí lọ̀gá mú. Ó ní, "Aṣọ mi ń rìn, Ìyá Kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ aṣọ ò lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá wọlé láàárọ̀, ìgbà tí mo bá ní kó jáde ni kó jáde." Èmi ò sọ nǹkan kan. Èyí tó ní ihò méjì náà ló wọ́n jù, èrè orí rẹ̀ sì ju ti ìkejì lọ. Ẹni tó ń tajà kì í bá oníbàárà jà lórí ohun tó fẹ́ san owó lé.

Káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀. O rántí rẹ̀, ọ̀kan tó máa ń fi pẹ́ńsù há etí, tó ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gé e. Àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí ahọ́n lọ́ọ̀kì kọjú sẹ́yìn, ó ń rojọ́. Mà á fi àwòrán rẹ hàn án, kó lè rí bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe é.

O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀yìn mi sàn díẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mi ò ní kí ọ gùn lónìí.

Mo fi àwòrán rẹ han káfíńtà. Ó gbé e sókè, ó sún mọ́ ojú fèrèsé.

"Ta ló ya èyí?"

"Ọmọ mi ni. Ìwọ wo bí ahọ́n rẹ̀ ṣe kọjú sí."

"Ó mọ nǹkan yà. Níbo ló dúró sí nígbà tó ń yà á?"

"Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni, àbí ibo lo tún fẹ́ kó dúró sí?"

"Inú ni àbí ìta?"

Mo ní ìbéèrè wo nìyẹn. Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó fi tọ́ka. "Ẹ wo ọrùn hínjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi roboto tí ọ̀pá wà. Ó hàn. Ibi tí ọrùn hínjì bá hàn sí ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Ẹ wo tábìlì, ẹ wo ìkọ́ ẹ̀wù. Ẹni tó ya èyí, inú ló wà, Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ihò kọ́kọ́rọ́ ló yà. Etí dà?"

Mo gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ta lọ́ọ̀kì. Mo ti wo àwòrán yẹn tó ìgbà mẹ́wàá, irin ni mò ń wò, mi ò wo ẹni tó dúró síwájú irin. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo tún lọ ka lẹ́tà rẹ. "Mò ń gbọ́ ọ láràárọ̀: ko, ko." Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sọ pé òun ń gbọ́ ọ.

Dá mi lóhùn, má fi mí ṣeré. Tí ẹ bá ti wọlé tán, ṣé wọ́n ń tì yín mọ́bẹ̀ ni? Ọ̀nà míì wà? Kọ́kọ́rọ́ náà, ṣé ìbàdí Woroworo yẹn nìkan ló wà? Tó bá lọ jẹun, ṣé ó ń gbé e lọ? Ẹ̀rọ tó rú èéfín yẹn, ta ni ìbá ṣílẹ̀kùn fún yín?

Gbọ́ mi dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí ọrùn hínjì wà lọ́dọ̀ yín nínú, ẹ ní ọ̀nà. Nínú ọrùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kékeré kan wà, ó gùn tó ìka àárín. Òun ló so ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Wá irin tẹ́ẹ́rẹ́, fi gbún ọ̀pá náà láti ìsàlẹ̀ sókè, yóò yọ. Ti ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yọ, kí o yọ ti àárín, kí o yọ ti òkè kẹ́yìn. Kí ẹni méjì di ilẹ̀kùn mú, kó má wó lù yín. Lọ́ọ̀kì lè wà ní títì títí ayé, ẹ̀gbẹ́ hínjì ni ẹ máa gbà jáde. Ta epo díẹ̀ sí i nísinsìnyí. Má dúró kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Mo ti ní kí káfíńtà dáwọ́ dúró. Mẹ́rìnlá ti wà lára ilẹ̀kùn.

Kọ̀wé lọ́jọ́ tí o bá rí èyí. Lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Fóònù rẹ ò lọ. Akọ̀wé pósófíìsì ti mọ ìró bàtà mi, tó bá ti rí mi lókèèrè ló ń mi orí.

Mo dán nǹkan kan wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ ìsinmi ni, kò sí ẹnikẹ́ni nílé ìránṣọ. Mo wọ yàrá tí wọ́n ti ń gé aṣọ ní àjà kejì, mo fún káfíńtà ní kọ́kọ́rọ́, mo ní kó tì mí mọ́bẹ̀, kó lọ ra àkàrà wá, kó má sáré. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ rí níbẹ̀?" Mo ní kó lọ.

Ko, ko. Mo gbọ́ ọ.

Mo jókòó. Mo mọ gbogbo inú lọ́ọ̀kì yẹn, mo lè tú u kí n tún un tò ní dídijú. Mo mọ iye rẹ̀, mo mọ iye èrè mi lórí rẹ̀. Kò wúlò fún mi rárá. Mo fi ọwọ́ pa ibi tó yẹ kí etí wà, ó ń dán, ó tutù. Ó tó ìgbà díẹ̀, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ níta, mò ń retí ti káfíńtà. Nígbà tó dé, ó bá mi ní ìdúró, etí mi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ó mú àkàrà náà wá, kò tilẹ̀ dára.

Mi ò tíì sọ fún Ọ̀gá Aláṣọ. Mo sọ fún un pé ẹ̀yìn káfíńtà ń dùn ún, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi dúró. Ẹ̀yìn káfíńtà ò ṣe nǹkan kan. Mò ń sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ.

Bí inú bá ń bí ọ, fi ìbínú náà kọ̀wé. Mà á kà á.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Mo wà láàyè. Mo kọ ìyẹn síwájú kí ẹ lè jókòó ka ìyókù.

Lẹ́tà yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọ́fíìsì Woroworo ni wọ́n ti ń gba lẹ́tà wa, ìgbà tó bá wù ú ló ń pín in. Mo kà wọ́n, inú bí mi. Ẹ máa rò pé nítorí pé ẹ mọ̀ ni. Rárá. Ó lé ní ọdún kan àti oṣù márùn-ún tí mo ti ń pa á mọ́, kí ẹ má bàa sọ pé ẹ ti wí. Ìgbà tí ẹ wá bi mí ní ìbéèrè tó gùn, tó kún rẹ́rẹ́, lọ́ọ̀kì lẹ bi mí. Ẹ ní kí n wọn ahọ́n rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n fún yín, Màmá. Mo dúró nínú túbú, mò ń wọn bí ilẹ̀kùn túbú ṣe nípọn tó fún yín, kí ẹ lè rí i rà.

Nítorí ìbínú yẹn, mi ò ta epo kankan. Ṣùgbọ́n mo mú ọ̀pá irin tí a fi ń yọ aṣọ nínú ẹ̀rọ, mo fi há ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, ẹ̀rọ kẹrin gbiná. Kì í ṣe èéfín lásán. Woroworo wà ní ilé kejì. Gbogbo wa sá lọ síbi ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi ọwọ́ lù ú, wọ́n ń ké. Mo ń pariwo pé kí wọ́n kúrò nídìí hínjì, ta ló ń gbọ́? Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló fi ìgbálẹ̀ lé wọn sẹ́yìn bí ẹni ń lé ewúrẹ́: "Ẹ jẹ́ kí ọmọ Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ṣiṣẹ́!" Mo ti ka lẹ́tà yín fún un, ó ti rẹ́rìn-ín títí nítorí àkàrà.

Ti ìsàlẹ̀ yọ wẹ́rẹ́. Ti àárín, ọ̀dà ti lẹ̀ ẹ́. Mo gbún un, kò mì. Obìnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ lu ìdí ọ̀pá náà, mo di irin mú, a lù ú títí. Ó yọ. Nígbà tí ti òkè yọ, kò sẹ́ni tó di ilẹ̀kùn mú. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi. Ó wó lu ọwọ́ òsì mi.

Gbogbo wa jáde. Èéfín kó sí àwọn méjì nínú, ọ̀kan ṣì wà nílé ìwòsàn.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé nìyí. Nígbà tí iná kú tán, mo padà wo ilẹ̀kùn náà. Ó dùbúlẹ̀ síwájú ilé, férémù ti já mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́ọ̀kì náà ṣì wà ní títì. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta gbọọrọ, kò tẹ̀, kò ha. Òótọ́ lẹ sọ fún ọ̀gá yín, kì í kú.

Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní mo ba ilẹ̀kùn jẹ́. Yàrá obìnrin tó ń gbálẹ̀ ni mo wà, a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, ó ń hanrun.

Ìbéèrè kan ni mo ní, èmi náà. Ẹ ní mẹ́rìnlá ti wà lára ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ yín. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀yin fi lọ́ọ̀kì sí yẹn, hínjì wọn, inú ló wà ni, àbí ìta?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìta ni.

Mi ò ní fi ìkíni bò ó. Gbogbo ilẹ̀kùn ilé ìránṣọ yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń ṣí sí. Ọgọ́rùn-ún ọ̀pá irin ì báà wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin yẹn, kò sí ohun tí wọ́n máa gbún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú agolo ìṣó. Láti ìgbà tí káfíńtà ti ka àwòrán rẹ fún mi títí di ọjọ́ tí mo tó lanu, ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Mo kà á. Ẹ̀tẹ̀ wà lára mi, mò ń kọ̀wé sí ọ nípa làpálàpá ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kejì tí mo rí lẹ́tà rẹ, mo gbé e lọ bá Ọ̀gá Aláṣọ. Mo kà á sí i létí, láti "mo wà láàyè" títí dé ìbéèrè rẹ. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Èmi ò ní."

"Áyọ́ọ̀nù mélòó ló wà ní àjà kẹta?"

"Mẹ́jọ."

"Tútù ni wọ́n fi ń lọ aṣọ?"

Ó wo ilẹ̀. "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, aṣọ mi tó ń rìn ńkọ́?"

"Ẹ fi ẹnì kan sí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, kó máa wo báàgì. Ẹ so agogo mọ́ àwọn ilẹ̀kùn yòókù, tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, ẹ máa gbọ́. Ẹ mú olè ní ẹnu ọ̀nà, ẹ má tì í mọ́lé pẹ̀lú ẹni tí ò jalè. Lọ́ọ̀kì náà ò ní kúrò. Inú rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ pààrọ̀, kó ní etí. Ẹni tó wà níta ò ní lè wọlé láìní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó wà nínú á jáde."

"Ta ló máa san owó rẹ̀?"

"Èmi."

Ó yà á lẹ́nu. Ó ya èmi náà lẹ́nu, kí n má pa irọ́ fún ọ. Mo ti ṣírò rẹ̀ lára páálí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, gbogbo èrè mi ló bá a lọ, ó tún bu díẹ̀ jẹ lára ojú owó. Ó wá gbọ́ owó tí kì í ṣe tirẹ̀, ó rọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àjà kẹta, ó ní òun ò gbà. Ibẹ̀ ni aṣọ ti ń rìn jù. Tí mo bá yọ lọ́ọ̀kì rẹ̀, òun á pe ẹlòmíràn kó fi òmíràn sí i.

Mo ní, "Ẹ pè é. Gbogbo àwọn tí ẹ máa pè, ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ń ra ọjà."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi fà á. Níkẹyìn, ó gbà kí n fi ọ̀pá gbọọrọ sí i, irú èyí tí èèyàn ń fi àyà tì tí ilẹ̀kùn á ṣí, tí ẹni tó wà níta ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Mo ti ní kí ọkùnrin tó ń kó ọjà wọ̀lú bá mi mú un wá, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Mi ò lè sùn lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ní kí káfíńtà yọ ilẹ̀kùn náà kúrò lódindi. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, ó fara ti ògiri, àwọn oníbàárà ń bi mí pé èló ni. Ọ̀gá Aláṣọ ti fi alákòóso kan jókòó sí ojú àlàfo ibẹ̀, ó sì ti fi ilé rẹ̀ ṣe èèwọ̀ fún mi títí ọ̀pá yóò fi dé. Kò burú. Lójoojúmọ́, mò ń gba ọ̀nà tó wà lẹ́yìn ilé náà kọjá, mo ń wo òkè. Tí mo bá ti rí ojú ọ̀run lójú àlàfo ilẹ̀kùn yẹn, mo ń bá tèmi lọ.

Mo mọ̀ pé ìyẹn ò san gbèsè ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ṣé tí iná bá ti jó níbí kó tó jó lọ́dọ̀ rẹ, ta ni ìbá kọ lẹ́tà sí ìyá wọn?

Ti pé o pa á mọ́ fún mi. Òótọ́ ni, ǹ bá ti sọ pé mo wí bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ nínú lẹ́tà tí mo ní mi ò ní sọ ọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bí o bá fẹ́, máa bọ̀ nílé. Bí o ò bá tíì fẹ́, má wá. Ilẹ̀kùn ilé wa ní ihò kọ́kọ́rọ́ níta, ó ní etí nínú. O lè wọlé, o lè jáde, mi ò ní béèrè ọjọ́.

Bá mi kí obìnrin tó ń gbálẹ̀. Sọ fún un pé mo ní kó máa hanrun, kó máa hanrun dáadáa. Obìnrin tó wà nílé ìwòsàn ńkọ́? Kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí, má fi pa mọ́ fún mi.

Ọwọ́ rẹ wá ńkọ́? O kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta, o sọ bí ahọ́n lọ́ọ̀kì ṣe rí, o ò sọ bí ìka rẹ ṣe rí. Ẹ̀bi mi ni, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá tú báńdéèjì náà, gbé ọwọ́ òsì yẹn lé orí bébà, rọra tẹ́ ẹ, fi bírò yí i ká, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Má ya tábìlì, má ya ilẹ̀kùn. Ìka márùn-ún ni mo bí mọ́ ọn. Mo fẹ́ kà á.

Ìyá rẹ.